Orúkọ Kan, Tíkẹ́ẹ̀tì Kan

Ọjọ́ kan wà tí kò ní tán lọ́kàn mi títí tí màá fi hewú. Ọjọ́ náà ni nọ́ọ̀sì kan dúró níwájú èrò nínú gbọ̀ngàn kan ní Fọlá Agoro, ó pe orúkọ kan, obìnrin kan dìde. Ó pe orúkọ mìíràn, obìnrin yẹn náà ló tún dìde. Ó tún pe òmíràn, kò sẹ́lòmíì tó mira. Gbogbo èrò wo obìnrin náà títí, lẹ́yìn náà ni wọ́n yí ojú sọ́dọ̀ mi, nítorí èmi ni mo fa sábàbí. Mi ò jalè, mi ò sì lu ẹnikẹ́ni ní jìbìtì. Mo kàn fẹ́ràn àmì ohùn ju bó ṣe yẹ lọ ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ iṣẹ́ tí mò ń ṣe, nítorí àwọn ará ilé wa pàápàá rò pé kọ̀ǹpútà ni mò ń tún ṣe, bí fóònù wọn bá ti bàjẹ́, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń gbé e wá. Mo máa ń kọ ohun tí àwa tó wà nídìí ẹ̀ ń pè ní smáàtì kọ́ńtíráàtì. Àdéhùn ni, àmọ́ orí ayélujára ló ń gbé. Kò ní lọ́yà, kò ní ẹlẹ́rìí, kò sì sẹ́ni tó ń ṣọ́ ọ. Bí ohun tí a kọ sínú rẹ̀ bá ti pé, ó mú ara rẹ̀ ṣẹ. Bí a bá sì ti gbé e síta tán, ẹni tó kọ ọ́ gan-an kò lè fọwọ́ kàn án mọ́. Wọ́n ní ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Tiwa kì í tilẹ̀ fọ́. Ńṣe ló máa dúró síbẹ̀ tí gbogbo ayé á máa wo àṣìṣe ẹni.

Ní Bájúláyé ní Ṣómólú là ń gbé, láàárín àwọn ilé ìtẹ̀wé. Inú ọ̀kan nínú wọn ni bàbá mi ti ń ṣiṣẹ́ láti ìgbà tí wọn ò tíì bí mi. Bàbá mi kì í tẹ ìwé o, òun ló ń yẹ iṣẹ́ wò kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, ìdí nìyẹn tí gbogbo àdúgbò fi ń pè é ní Bàbá Pírúùfù. Kò sí ohun tó ń bí i nínú bí ọ̀rọ̀ Yorùbá tí kò ní àmì. Bí ẹnì kan bá kọ “oko” síwájú rẹ̀, á bi í bóyá oko tí wọ́n ń ro ni àbí ọkọ tí wọ́n ń fẹ́ ni àbí ọkọ̀ tí wọ́n ń wọ̀, kò sì ní kúrò lórí ọ̀rọ̀ náà títí onítọ̀hún á fi kábàámọ̀. Ilé yìí ni mo ti jáde, kí ẹ má bàa dá mi lẹ́bi jù.

Àmọ́ ojú bàbá mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì. Ó ra awò lẹ́bàá títì, ó rà á títí, ọ̀kankan ò ràn án lọ́wọ́, nítorí ojú ọ̀tún rẹ̀ yàtọ̀ sí ti òsì, àfi kí dókítà wọ̀n wọ́n kí wọ́n gé awò tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ibi tó bọ́ sí kò dáa. Wọ́n tẹ káàdì ìgbéyàwó kan tó yẹ kó sọ pé “Ẹ wá bá wa yọ̀.” Àmì fò, bàbá mi kò rí i, ohun tó jáde ni “Ẹ wá bá wa yó.” Àwọn àlejò ka káàdì, inú wọn dùn, wọ́n sì wá lóòótọ́, pẹ̀lú ebi. Oúnjẹ kò kárí. Oníìnáwó gbé ìjà wá sí ilé ìtẹ̀wé, ọ̀gá bẹ̀ ẹ́ títí, lẹ́yìn náà ló pe bàbá mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní, “Bàbá, mo bọ̀wọ̀ fún yín o. Ṣùgbọ́n bí irú èyí bá tún wáyé, ẹ ó máa sinmi nílé.” Bàbá mi kò bẹ̀rù ohunkóhun láyé yìí tó ìsinmi nílé. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, kò jẹun dáadáa, inú mi sì bàjẹ́ gan-an.

Kò pẹ́ sígbà náà ni ẹgbẹ́ àwọn ọmọ Ṣómólú kan tó wà lókè òkun ní àwọn fẹ́ gbé dókítà olójú wá fún gbogbo òṣìṣẹ́ ìtẹ̀wé, kó yẹ ojú wọn wò, kí ilé iṣẹ́ kan sì gé awò fún olúkúlùkù. Ààrẹ wọn, Ẹ̀gbọ́n Dẹ̀jọ, wá bá mi. Ó ní nígbà tí àwọn pín nǹkan kẹ́yìn, àwọn kan gbà á, wọ́n pààrọ̀ fìlà, wọ́n tún padà wá gbà á. Ó ní ọ̀tẹ̀ yìí, àwọn fẹ́ kí tókìnnì, ìyẹn àmì ẹ̀rí orí ayélujára, wọ inú fóònù oníkálùkù. Iye òṣìṣẹ́ ni iye tókìnnì, ẹni tó bá ní i ni dókítà máa rí. Ẹnì kan kò sì gbọ́dọ̀ gbà lẹ́ẹ̀mejì. Ó bi mí pé ṣé mo lè ṣe é. Ara mi ti yá ju ẹnu rẹ̀ lọ. Ojú bàbá mi ni mò ń rò.

Mo rò ó dáadáa o, kí ẹ má rò pé mo kàn ṣe é wúruwùru. Nọ́ńbà fóònù kò lè dá èèyàn dúró, nítorí símù tó wà lọ́wọ́ ẹnì kan ládùúgbò wa yìí lè pọ̀ ju bàtà rẹ̀ lọ. Bẹ́ẹ̀ àwọn mìíràn ò tilẹ̀ ní fóònù. Ti ọ̀gá wọn ni wọ́n jọ ń lò, torí náà fóònù kan gbọ́dọ̀ lè gba tókìnnì fún èèyàn púpọ̀. Kí ló wá kù? Orúkọ. Orúkọ ẹni ni ìjánu ẹni, bí àwọn àgbà ti wí. Mo ní kí oníkálùkù kọ orúkọ rẹ̀, kó fi àmì sí i pé pérépéré, kọ́ńtíráàtì á sọ orúkọ náà di èdìdì. Bó bá tún rí èdìdì yẹn lẹ́ẹ̀kejì, á dáhùn pé “Ẹ ti gbà á.” Mo tún fi àgádágodo méjì sí i. Àkọ́kọ́, tókìnnì kò ṣeé fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn, kí wọ́n má bàa máa tà á. Ìkejì, kò sẹ́ni tó lè tún kọ́ńtíráàtì náà kọ, títí kan èmi alára, kí wọ́n má bàa ní mo ṣe màgòmágó. Mo dán an wò. Mo kọ orúkọ mi, ó gbà. Mo tún un kọ, ó ní mo ti gbà á. Mo pàtẹ́wọ́ fún ara mi nínú yàrá. Kò sọ sí mi lọ́kàn pé ọ̀nà kan ṣoṣo ni mo mọ̀ láti kọ orúkọ mi, nítorí ọmọ Bàbá Pírúùfù ni mí.

Bẹ́ẹ̀ ojoojúmọ́ ni mò ń gba abẹ́ pátákó kọjá. Pátákó kan ní “Shomolu,” èkejì ní “Somolu,” ẹ̀kẹta fi àmì sábẹ́ S, ó sì gbàgbé ìyókù. Àdúgbò tí kò tíì fi ẹnu kò lórí bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ ara rẹ̀, ibẹ̀ ni mo ti fi orúkọ so èèyàn mọ́lẹ̀.

Ọjọ́ tí wọ́n máa gbà á pé. Àwọn èèyàn ti gbàgbé tókìnnì, wọ́n ti ń pè é ní tíkẹ́ẹ̀tì, mo sì ti jáwọ́ nínú títún ọ̀rọ̀ náà ṣe fún wọn. Mo sọ fún bàbá mi pé kó tètè gba tirẹ̀. Ó kọ̀. Ó ní, “Ìwọ lo kọ nǹkan yìí. Bí mo bá sáré síwájú, wọ́n á ní ọmọ mi ló ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn fún mi. Jẹ́ kí àwọn yòókù gbà ná.” Ó wọ bàtà, ó lọ síbi iṣẹ́. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dáa lọ́jọ́ náà, ó ń fà bí ìgbín. Kò pẹ́ tí fóònù mi fi dún.

Àlhájà Ṣùkúrátù ni, ìyá tó ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń di ìwé ní òpópónà kejì sí tiwa. Ọmọ Ìbàdàn ni, Ìbàdàn gidi, èyí tí iṣu ń jẹ́ isu lẹ́nu wọn.

“Ìwọ ọmọ Bàbá Pírúùfù, nǹkan yín yìí ò dáhùn o! Mo kọ orúkọ mi sí i, ó kàn ń yí po lójú kan.”

“Àlhájà, ẹ kú iṣẹ́ ma. Báwo lẹ ṣe kọ ọ́?”

“Bí mo se ń jẹ́ ẹ náà ni. Sùkúrátù.”

“Ṣùkúrátù ni, Àlhájà. Ẹ fi àmì sábẹ́ S.”

“Kí ni mo wá pè? Sùkúrátù náà ni mo pè!”

Mo mí kanlẹ̀. Mo ní, “Ó dáa, ma. Ẹ tún un kọ pẹ̀lú àmì. Bí kò bá dáhùn, ẹ kọ ọ́ bó ṣe wà nínú pásípọ́ọ̀tù tí ẹ fi lọ sí Mẹ́kà. Ẹ ṣáà máa gbìyànjú.” Ẹnu mi yìí ló sọ ọ́. Bí àwọn mìíràn sì ṣe ń pè mí lórí ọ̀rọ̀ kan náà, mo gbà pé wọn ò mọ orúkọ ara wọn kọ ni. Mo fi ohùn ránṣẹ́ sórí wásáàpù ẹgbẹ́ àwọn òǹtẹ̀wé, mo rọra sọ ọ́ bí olùkọ́: “Bí kò bá dáhùn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ orúkọ yín lọ́nà mìíràn.” Wọ́n gbọ́ràn sí mi lẹ́nu. Bẹ́ẹ̀ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló ń fà. Gbogbo èyí tí wọ́n kọ ló wọlé lẹ́yìn-ọ-rẹyìn, kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú tíkẹ́ẹ̀tì tirẹ̀.

Kí iṣẹ́ tó parí lọ́jọ́ náà, tíkẹ́ẹ̀tì ti tán. Mo kọ̀wé sí Ẹ̀gbọ́n Dẹ̀jọ pé ó ti kárí, ẹnì kan kò sì gbà lẹ́ẹ̀mejì. Bàbá mi dé, ó wẹ̀, ó jẹun, ó jókòó ti fóònù rẹ̀, ó fi ìka kan kọ orúkọ rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Kò fo àmì kankan. Fóònù dá a lóhùn pé tíkẹ́ẹ̀tì ti tán. Ó gbé fóònù náà jìnnà sí ojú, ó tún gbé e súnmọ́, ó ní kí n bá òun kà á. Mo kà á. Ó ní, “Kò burú. Àwọn tó nílò rẹ̀ ti gbà á.” Ìbá sàn kó pariwo mọ́ mi. Mo ní kó bá mi lọ sí Fọlá Agoro lọ́jọ́ tí dókítà bá wá yẹ ojú wò, bóyá ẹnì kan kò ní wá. Mo bẹ̀ ẹ́ kó tó gbà.

Báyìí la ṣe dé gbọ̀ngàn tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Àwọn tí kò rí tíkẹ́ẹ̀tì gbà tò sí ẹnu ọ̀nà, bàbá mi wà láàárín wọn, ó fi fìlà rẹ̀ fẹ́ ara. Nọ́ọ̀sì gbé ẹ̀rọ pẹlẹbẹ kan dání, orúkọ tó wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì ló ń kà níbẹ̀.

“Shukurat!”

Àlhájà dìde, ó wọlé lọ bá dókítà, ó jáde.

“Sukuratu!”

Àlhájà tún dìde.

“Mummy, na you again?”

“Èmi náà ni, ọmọ mi. Gbogbo ẹ̀ pátá ni mò ń jẹ́.”

Ó tún wọlé. A gbọ́ ohùn dókítà láti inú lọ́hùn-ún, ọkùnrin jẹ́jẹ́ tí kì í pọ̀rọ̀ sọ: “Màmá, ojú yín kò tíì yí padà láti àárọ̀.”

“Mo rò pé ẹ fẹ́ wò ó dáadáa ni.”

Lẹ́yìn èyí ni wọ́n pe “Shegun.” Bọ̀dá Ṣẹ́gun tó ń gé ìwé dìde. Wọ́n pe “Segun,” ó tún dìde, àmọ́ ó ti ń tijú. Nígbà tí wọ́n pe “Ṣẹ́gun” tó ní gbogbo àmì rẹ̀, ó jókòó, ó bojú wo ilẹ̀. Èyí tó kọ dáadáa gan-an ló kọ̀ tí kò jẹ́. Rashidat wá, Raṣidatu wá, obìnrin kan ṣoṣo ni. Ẹ̀rín ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn, àmọ́ àwọn tó wà lẹ́nu ọ̀nà kò rẹ́rìn-ín. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti yé mi. Kọ̀ǹpútà kò mọ̀ pé ọmọ ìyá ni Ṣ àti Sh. Lójú tirẹ̀, ará Ìkòròdú ni ọ̀kan, ará Kánò ni èkejì, wọn ò tíì ríra rí.

Ẹ̀gbọ́n Dẹ̀jọ rìn wá bá mi. Ó rọra sọ̀rọ̀, ìyẹn sì burú ju kó bú mi lọ.

“Ẹnì kan kò gbà lẹ́ẹ̀mejì, àbí?”

“Ẹ má bínú, sà.”

“Ó dáa. Kí Àlhájà àtàwọn yòókù fi èyí tó ṣẹ́kù ránṣẹ́ sí àwọn tó wà lẹ́nu ọ̀nà.”

“Kò ṣeé fi ránṣẹ́, sà.”

“Ta ni ò jẹ́ kó ṣeé ṣe?”

“Èmi ni.”

“Pa á rẹ́, kó o tún un kọ.”

“Kò ṣeé pa rẹ́.”

“Ta ni—”

“Èmi náà ni, sà.”

Ẹ̀gbọ́n Dẹ̀jọ bi nọ́ọ̀sì pé ṣé dókítà kò lè yẹ ojú wọn wò láìsí tíkẹ́ẹ̀tì. Nọ́ọ̀sì ní ó lè yẹ̀ ẹ́ wò, àmọ́ ilé iṣẹ́ tó ń gé awò kò ní gé e. Orí tíkẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń gba ìwọ̀n ojú sí, wọn ò sì mọ ẹnikẹ́ni lẹ́yìn ohun tó bá wà níbẹ̀. Ó ní, “Me, I just dey call name. Ẹni tó bá dáhùn, tó sì gbé fóònù tó ni tíkẹ́ẹ̀tì wá, òun ni mo mọ̀.”

Ojú mi lọ sára fóònù tó wà lọ́wọ́ Àlhájà. Tíkẹ́ẹ̀tì kò lè kúrò nínú fóònù, mo ti rí sí ìyẹn. Àmọ́ mi ò fi àgádágodo so fóònù mọ́ ọwọ́ ẹnikẹ́ni. Mo sọ èrò mi. Dókítà yọjú, ó gbọ́ ọ, ó ní ojú lòun wá wò, òun kò wá wo orúkọ. Bọ̀dá Ṣẹ́gun kò tilẹ̀ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tutù kó tó ju fóònù rẹ̀ sí ẹni tó súnmọ́ ọn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ, oríṣiríṣi èèyàn ń dáhùn. Ọkùnrin kan tó ní irùngbọ̀n dé àyà jẹ́ Rasidat, ó sì wọlé tayọ̀tayọ̀.

Ó wá ku tíkẹ́ẹ̀tì kan. Inú fóònù Àlhájà ló wà, bàbá mi nìkan ló sì kù ní ìdúró. Àlhájà gbé fóònù náà fún un.

“Bàbá, ẹ gbà. Ẹ lọ jẹ́ Sukura.”

Bàbá mi kò na ọwọ́. “Àlhájà, ẹ ṣeun o. Mo ní orúkọ tèmi.”

“Wọn ò pe tiyín, tèmi ni wọ́n ń pè. Ẹ lọ yá a lò.”

“Kí n jẹ́ orúkọ obìnrin, ìyẹn ṣeé gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wò bí wọ́n ṣe kọ ọ́! Kò ní àmì lórí, kò ní àmì lábẹ́, wọ́n tiẹ̀ gé ìdí ẹ̀ dà nù.”

Mo kúnlẹ̀ níwájú èrò. Mo kàn ní, “Bàbá mi, ẹ dákun. Èmi ni mo ṣe é. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí àṣìṣe mi lé yín kúrò lẹ́nu iṣẹ́.” Omi ti wà lójú mi. Ó wò mí fún ìgbà díẹ̀, bó ṣe máa ń wo ojú ìwé tó ní àṣìṣe tí kò tíì rí. Nọ́ọ̀sì, tó ti rẹ̀, tún pe orúkọ náà.

“Sukura! Last one o! Alhaja Sukura!”

Bàbá mi dé fìlà rẹ̀, ó tún un ṣe dáadáa. Ó gba fóònù lọ́wọ́ Àlhájà. Ó wí ketekete, kí ẹni tó wà lójú títì lè gbọ́: “Èmi rèé.” Ó wọlé lọ. Gbogbo gbọ̀ngàn pariwo ẹ̀rín, Àlhájà ló pariwo jù, ó ń fi ọwọ́ gbá itan. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo sì ń sunkún lọ, mi ò mọ èyí tí mo ṣe ju èkejì lọ.

Ìgbà tó yá, awò dé. Inú àpò kékeré aláwọ̀ búlúù ló wà, wọ́n lẹ bébà mọ́ ọn lára: Alhaja Sukura. Bàbá mi gbé awò náà wọ̀. Mo rò pé á wo ojú mi, tàbí kó wo òde. Bébà yẹn ló kọ́kọ́ kà. Ó mú bírò nílẹ̀, ó fi àmì sábẹ́ S, ó fi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀ méjèèjì, ó fi “tù” tí wọ́n gé nù kún un, ó wá gbé e jìnnà díẹ̀, ó ní, “Ẹ̀n-ẹ́n. Èèyàn rèé.” Láti ọjọ́ náà, àmì kankan kò tíì gba ọwọ́ rẹ̀ fò jáde, ọ̀gá rẹ̀ kò sì dárúkọ ìsinmi mọ́.

Ní tèmi, ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ kò pọ̀. Kọ̀ǹpútà mọ lẹ́tà, kò mọ èèyàn. Ìjánu ni orúkọ lóòótọ́, àmọ́ ẹni tó mọ ẹṣin ló ń lò ó. Kí n tó kọ ìlànà kankan sílẹ̀ báyìí, màá kọ́kọ́ jáde lọ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó máa lò ó pé báwo ni wọ́n ṣe ń kọ orúkọ wọn, màá sì rọra jókòó, nítorí ìdáhùn rẹ̀ máa ń pẹ́.

Ní ilé ìtẹ̀wé, orúkọ ti yí padà. Wọn ò pe bàbá mi ní Pírúùfù mọ́. Bó bá wọlé láàárọ̀, àwọn tó wà nídìí ẹ̀rọ á dìde, wọ́n á ní, “Àlhájà, ẹ káàárọ̀ sà!” Ó máa ń dá wọn lóhùn. Èmi náà dán an wò nílé lọ́jọ́ kan. Ó yọ awò, ó wò mí, ó ní ẹnikẹ́ni ní Ṣómólú ló lè pe òun bẹ́ẹ̀, àfi ẹni tó sọ òun lórúkọ.